Ta ló ń sanwó ìlérí? Ìdáhùn lórí ìnáwó ìjọba tí kì í sọ̀ kalẹ̀ àti àlàfo ìṣúná tí kì í dí

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé owó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ pé ìṣúná ìjọba tún ti tóbi ju ti èṣí lọ, lọ́dọọdún náà ni wọ́n ń sọ pé owó tó ń wọlé kò tó, pé àwọn á yá lé e. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwọn tó lówó ń ṣe é, àwọn tí kò ní ń ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá ń wá ipò ló ń ṣèlérí pé òun á gé ìnáwó, n kò sì tíì rí ẹni tó gé e. Ṣé olè ni gbogbo wọn ni, àbí wọn ò mọ ìṣirò? Bí ilé iṣẹ́ tiwa bá ná ju ohun tó pa lọ fún ọdún méjì péré, a ti kógbá wọlé. Báwo ni ìjọba ṣe ń ṣe é fún àádọ́ta ọdún? Ṣé àwọn ọmọ wa ló máa wá san án?”

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè yín kì í ṣe ẹyọ kan, mẹ́ta ló so kọ́ra: kí ló ń mú ìnáwó ìjọba ga, kí ló dé tí owó tó ń wọlé kì í lé e bá, àti kí ló dé tí ilé kò tíì wó lé wa lórí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ìṣúná. Mo ti jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń fi pẹ́ńsùlù pín owó tí kò tíì wọlé, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé àlàfo tí ẹ ń gbọ́ nínú ìròyìn lónìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọdún yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìlérí ló bẹ̀rẹ̀, nígbà míì ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ní gbangba, pẹ̀lú àtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, torí wọ́n máa ń lọ́ wọn mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ìwé owó, kò ní ṣòro fún yín. Àlàfo ìṣúná ni iye tí ìnáwó fi ju owó tó wọlé lọ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Gbèsè ni àkójọ gbogbo àlàfo àtẹ̀yìnwá tí wọn kò tíì san, èyí tí wọ́n ń gbé wọ inú ọdún tuntun. Nítorí náà bí mínísítà bá bọ́ síta pé àlàfo ti dín kù sí ìdajì, òótọ́ ló lè máa sọ, gbèsè sì tún ti ga ju ti èṣí lọ. Ìkẹta wà tí wọn kì í sábà dárúkọ fún ará ìlú: àlàfo tí a yọ èlé kúrò nínú rẹ̀. Èlé ni ẹrù tí àwọn tó ti ṣèjọba lọ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù ni ìwà ìjọba tó wà lórí àlééfà lónìí. Mo ti rí ìjọba tí wọ́n ń bú pé ó ń náwó ní ìnákúnàá, tó sì jẹ́ pé gbogbo àlàfo rẹ̀ pátá, èlé gbèsè tó bá nílẹ̀ ni.

Ẹ béèrè bóyá olè ni. Olè wà, ó sì ń ṣe ìpalára tí n kò ní fojú kéré, torí owó tí wọ́n bá jí, wọ́n á tún yá òmíràn dí i, ará ìlú á sì san èlé lórí owó tí kò fojú rí. Àmọ́ bí olè bá jẹ́ gbogbo ìdí rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí àwọn ọ́dítọ̀ rẹ̀ múná ì bá má mọ àlàfo. Ilẹ̀ Faransé kò tíì ní ọdún kan tí ìṣúná rẹ̀ kò ní àlàfo láti 1974. Amẹ́ríkà ní àjẹṣẹ́kù fún ọdún mẹ́rin péré, láti 1998 sí 2001, kò sì tún rí i mọ́. Owó oṣù àwọn olóṣèlú náà kọ́, bó tilẹ̀ ń bíni nínú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó tí wọ́n fi ń ran ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́ ló ń jẹ ìṣúná run, nígbà tí kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba àpapọ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun mẹ́rin ló ń gba ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ: owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, ìtọ́jú ìlera, ológun àti èlé gbèsè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, àwọn yẹn sì ni ẹni tó ń wá ìbò kì í fẹ́ fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú owó ìfẹ̀yìntì, torí òun ló fi ohun tí mò ń wí hàn jù. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1935. Ní January 1940, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ló kọ́kọ́ gba owó oṣooṣù náà: dọ́là 22 àti sẹ́ǹtì 54. Iye tí wọ́n ti yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ètò yìí láàárín ọdún mẹ́ta kò ju dọ́là 24 àti sẹ́ǹtì 75 lọ. Nígbà tí oṣù kejì pé, ó ti gba èyí tó san tán, ó sì ti lé. Ó dàgbà, ó dogbó, ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1975. Àpapọ̀ ohun tó gbà jẹ́ dọ́là 22,888 àti sẹ́ǹtì 92. Kò jalè, kò sì rú òfin. Ìlérí ni wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì mú un ṣẹ, bó ṣe yẹ kí ìjọba tó níyì ṣe. Ẹ wá ronú pé ẹgbàágbèje èèyàn ló tò sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò èyí. Ká ní òfin sọ pé kí èèyàn fẹ̀yìn tì ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń kú ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ọdún méjìlá ni ìjọba yóò fi máa sanwó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oògùn wá dára sí i, omi mọ́ sí i, wọ́n ń pé ọgọ́rin ọdún. Ọdún méjìlá ti di ogún. Kò sí aṣòfin tó dìde, kò sí ẹni tó dìbò, kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan kún owó oṣooṣù náà, síbẹ̀ ìnáwó ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ga. Tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí bá tún wá dín kù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ san owó-orí á máa kéré sí i bí àwọn tó ń gbà á ṣe ń pọ̀. Ní Jàpáánì, àwọn tó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùgbé. Jámánì tó kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1889, ẹni àádọ́rin ọdún ni wọ́n ní kó máa gba owó àgbà nígbà náà, àwọn tó sì ń pé àádọ́rin lásìkò yẹn kò pọ̀. Ìlérí tí kò wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ orí àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ìdí kejì kò ní ariwo rárá, n kò sì mọ ìdí tí wọn kì í fi í ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ìlú. William Baumol, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ló là á yé wa láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹ wo ilé iṣẹ́ bàtà. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di pé òṣìṣẹ́ kan ń ṣe iye bàtà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pawọ́ pọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n lè fi kún owó oṣù rẹ̀ láìjẹ́ pé bàtà wọ́n. Ẹ wá wo nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò. Egbò kan ṣoṣo náà ló ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe rí ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ló rí lónìí. Ẹ ò lè ní kí ó wẹ mẹ́wàá papọ̀. Bí ẹ kò bá sì fi kún owó oṣù rẹ̀ bí ti òṣìṣẹ́ bàtà ṣe ń lọ sókè, á fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ọlọ́pàá, adájọ́, àwọn tí ìjọba ń gbà síṣẹ́ jù nìyẹn. Iṣẹ́ wọn ń wọ́n sí i lọ́dọọdún, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe ìmẹ́lẹ́, iṣẹ́ ẹ̀dá sí ẹ̀dá ni kò ṣe é fi ẹ̀rọ sáré ṣe. Nítorí náà, ìjọba tí kò fi nǹkan kan kún ohun tó ń ṣe fún ará ìlú rárá, ìnáwó rẹ̀ á ṣì máa ga.

Ogun àti àjálù náà wà níbẹ̀. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní, owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí owó iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ogun yóò fi parí ní 1918, ó ti di 30. Ogun parí, kò padà sí 6 mọ́ láé. Alan Peacock àti Jack Wiseman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, kọ nípa èyí ní 1961: àjálù ń sọ ará ìlú di ẹni tó lè fara da owó-orí tí kò gbà tẹ́lẹ̀, ìjọba náà á sì ti rí nǹkan míì fi owó yẹn ṣe kí àlàáfíà tó dé. Adolph Wagner, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Jámánì, ti sọ èyí tó jọ ọ́ ní ọ̀rúndún 19, pé bí ìlú bá ṣe ń lówó sí i ni ìpín ìjọba nínú owó náà yóò máa tóbi sí i. Lásìkò rẹ̀, ìnáwó ìjọba ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù kò ju bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ní ilẹ̀ Faransé lónìí, ó ti lé ní 55. N kò sọ pé ohun burúkú ni gbogbo rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, inú rẹ̀ ni ilé ìwé tí ọmọ tálákà ń lọ wà.

Àmọ́ ìnáwó tó ń ga kò sọ pé dandan kí àlàfo wà. Bí ìnáwó bá ga tí owó-orí sì ga tẹ̀ lé e, ìwé á dọ́gba. Kí ló dé tí kì í fi í rí bẹ́ẹ̀? Níbi yìí ni mo ti máa mú yín wọnú yàrá náà. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni, kí ìwé ìṣúná tó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú fáìlì pupa lábẹ́ apá, ó yọ fọ́tò mẹ́ta jáde, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì: yàrá ìgbẹ̀bí kan tí òrùlé rẹ̀ ti jò, bàsíà tí wọ́n gbé sí ẹsẹ̀ ibùsùn kí omi má baà kán lu aláìsàn. Kò pariwo. Ó kàn ń tọ́ka sí bàsíà yẹn. Wọ́n fún un ní ohun tó béèrè. Obìnrin kan tẹ̀ lé e nítorí àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ ní owó àjẹsílẹ̀, wọ́n fún òun náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó béèrè ohun tí kò dára. Àwọn àgbà wa ní ojú ló ń rójú ṣàánú, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn gẹ́lẹ́. Gbogbo ìnáwó ló ní ojú. Ẹni tó máa san án kò sí ní yàrá: òun ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òmíràn kò tíì dé ayé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àlàfo ti ju iye tí a ní ká má kọjá lọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ pe ọkùnrin onífáìlì pupa padà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa wá yí ojú ìwé sí ibi tí a kọ ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé tí a ń retí sí. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ilà sí iye tó wà níbẹ̀, ó kọ èyí tó ga díẹ̀ sókè rẹ̀. Bí ọrọ̀ ajé bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, owó-orí á wọlé sí i. Àlàfo sì dí lórí ìwé. Mo wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, torí ẹni tó bá tọ́jú ìwé mọ̀ pé irọ́ lèyí, bó tilẹ̀ jẹ́ irọ́ tí inú rere bí. Nígbà tí mo ka iṣẹ́ ìwádìí tí Jeffrey Frankel ti Yunifásítì Harvard gbé jáde ní 2011 lórí orílẹ̀-èdè 33, mo rí i pé kì í ṣe ọ́fíìsì tiwa nìkan: káàkiri ayé ni àsọtẹ́lẹ̀ ìjọba nípa owó tí yóò wọlé ti máa ń dùn ju òótọ́ lọ, pàápàá nígbà tí nǹkan bá ń lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí Chile fi gba iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń náwó. Àwọn amòye tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń bi léèrè iye tí wọ́n rò pé bàbà tí wọ́n ń tà sí òkèèrè yóò tó lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ wá ní ilé iṣẹ́ yín á ti kógbá wọlé láàárín ọdún méjì. Òótọ́ ni, ìjọba kò sì rí bẹ́ẹ̀ fún ìdí méjì. Kì í dàgbà kó fẹ̀yìn tì, ó sì lágbára láti gba owó-orí lọ́wọ́ gbogbo ìlú tí ó bá ń dàgbà sí i. Ẹ mú bírò. Orílẹ̀-èdè kan ń pèsè ohun tó tó 100 lọ́dún, ó sì jẹ gbèsè 60. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ní àlàfo 3, gbèsè di 63. Àmọ́ ohun tó ń pèsè náà fi 5 lé sí i, ó di 105. Ẹ pín 63 sí 105, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún náà ló tún jẹ́. Ó ní àlàfo, gbèsè pọ̀ sí i, síbẹ̀ ẹrù náà kò wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí ẹni tó rù ú. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Òǹkà méjèèjì yìí, 3 àti 60, ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kọ sínú àdéhùn Maastricht ní 1992, gẹ́gẹ́ bí ibi tí àlàfo àti gbèsè kò gbọ́dọ̀ kọjá. Amẹ́ríkà jáde kúrò nínú Ogun Àgbáyé Kejì pẹ̀lú gbèsè tó lé ní ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń pèsè. Ní 1974 ó ti bọ́ sí bí 25, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún àárín yẹn ló ní àlàfo. Wọn kò san gbèsè náà tán. Ọrọ̀ ajé ló dàgbà kọjá rẹ̀, ọ̀wọ́ngógó sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò yìí ní ẹsẹ̀ kan tó lè kán, èlé ni. Bí èlé bá kéré ju ìdàgbàsókè lọ, àkókò ń bá onígbèsè ṣiṣẹ́. Bí èlé bá ga jù ú lọ, àkókò ti di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Lórí gbèsè 60 yẹn, èlé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 1.2 lọ́dún, bí ó bá di 5, ó ti di 3, gbogbo àlàfo tí a ní ká má kọjá ni èlé nìkan gbé mì. Ní ọdún ìṣúná 2024, èlé tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà san ju ohun tó ná sórí ológun lọ. Irú owó tí a fi yá a náà tún jẹ́ nǹkan ńlá. Jàpáánì jẹ gbèsè tó lé ní ìdá 200 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ kò ṣubú, torí owó tirẹ̀ ló fi yá a, àwọn ará ìlú rẹ̀ àti báńkì àpapọ̀ rẹ̀ ló sì ń jẹ ní ọ̀pọ̀ rẹ̀. Zambia ní 2020, Sri Lanka àti Ghana ní 2022, gbèsè tiwọn kéré púpọ̀ sí ti Jàpáánì, àwọn ni wọn kò lè san mọ́. Dọ́là ni wọ́n jẹ, kò sì sí báńkì àpapọ̀ wọn tó lè tẹ dọ́là. Ẹni tó sì rò pé títẹ owó tara ẹni ni ọ̀nà àbáyọ, kó wo Jámánì ní 1923, tí dọ́là kan fi lé ní máàkì tírílíọ̀nù 4, tàbí Zimbabwe tó gbé owó bébà tírílíọ̀nù 100 jáde ní January 2009.

Ọ̀nà wo ló wá kù? Kí ìlú dàgbà kúrò nínú rẹ̀ ló dùn jù, kò sì sí ẹni tó lè pàṣẹ rẹ̀. Kí wọ́n gé ìnáwó lójijì nígbà tí ọrọ̀ ajé ti ń ṣàìsàn, ìyẹn ni Gíríìsì ṣe lábẹ́ àwọn tó yá a lówó láti 2010, lẹ́yìn tí ó hàn pé àlàfo 2009 rẹ̀ ga ju èyí tí wọ́n ti kéde lọ fíìfíì. Ọrọ̀ ajé wọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin sún kì, àìríṣẹ́ṣe kọjá ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2013. Owó-orí tó yẹ kó dí àlàfo náà ló ń bá àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ. Kánádà gé tirẹ̀ nígbà tí ara ṣì le. Nígbà yẹn, èlé nìkan ń gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Ní 1995, Paul Martin, mínísítà ètò ìṣúná wọn, gbé ìṣúná kan kalẹ̀ tó ní kí ipò iṣẹ́ ìjọba 45,000 kásẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún ìṣúná 1997 sí 1998, àlàfo ti dí, kò sì padà wá fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ẹni tó sunkún: owó tí wọ́n ń fún àwọn ìpínlẹ̀ dín kù, àwọn ilé ìwòsàn sì fojú winá rẹ̀. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà tó ń gbèrú létí wọn náà sì gbè wọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Sweden, torí yàrá yẹn gan-an ni wọ́n tún ṣe. Ní 1993, àlàfo wọn ti lé ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń pèsè. Tẹ́lẹ̀, bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń wọlé ni àwọn aṣòfin ń dìbò lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ròó pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ṣe. Wọ́n yí i padà: àpapọ̀ iye tí gbogbo ìlú lè ná ni wọ́n á kọ́kọ́ dìbò lé, ìyẹn á di òrùlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in sí ìsọ̀rí 27. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ pọ̀ sí i ní láti tọ́ka sí ẹni tí tirẹ̀ máa dín kù. Ẹni tó máa sanwó ti ní ojú nínú yàrá nìyẹn. Ọdún 1998 ni wọ́n ti ní àjẹṣẹ́kù. Amẹ́ríkà náà ti gbìyànjú ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra. Ní 1985, wọ́n ṣòfin pé àlàfo gbọ́dọ̀ di òfo láàárín ọdún díẹ̀; òfin náà ṣubú, torí ọrọ̀ ajé tí kò lọ dáadáa lè sọ àlàfo di ńlá láìjẹ́ pé aṣòfin kankan ṣẹ̀. Ní 1990, wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n ní ẹni tó bá ṣe ìlérí tuntun kó mú owó rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Àjẹṣẹ́kù 1998 yẹn wà lára èso rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ológun tó dín kù lẹ́yìn ìdíje pẹ̀lú Soviet àti owó-orí láti ara ọjà ìpín-ìdókòwò tó ń ta bí iná ràn án lọ́wọ́ gan-an. Òfin tó de ọwọ́ ẹni tó ń ṣèlérí ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó de àlàfo lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìmọ̀ wa mọ. Bí ẹ bá bi mí pé gbèsè wo ló ti pọ̀ jù, kò sí amòye tó ní òǹkà kan tó bá gbogbo ìlú mu. Ní 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé bí gbèsè bá ti kọjá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdàgbàsókè á já wálẹ̀, àwọn mínísítà sì gbá òǹkà náà mú bí ẹ̀rí. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts gba fáìlì kọ̀ǹpútà wọn láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó rí i pé wọ́n fo orílẹ̀-èdè márùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Gbèsè tó ga máa ń bá ìdàgbàsókè tó lọ́ra rìn, àmọ́ kò sí ẹnu ọ̀nà kan ní 90 tí èèyàn ń gbà já sí kòtò. Ohun tó ń já okùn ni ìgbà tí àwọn tó ń yáni lówó kò bá fọkàn tánni mọ́, ìyẹn kì í sì í kéde ọjọ́ tó ń bọ̀.

Ní ti àwọn ọmọ wa, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ni ìwé gbèsè ìjọba, àwọn ọmọ kan á jogún gbèsè, àwọn ọmọ míì á jogún ẹ̀tọ́ láti gbà á, ọ̀rọ̀ a wá di ti ọmọ ta ni ó san án fún ọmọ ta. Bí a bá fi owó náà gbẹ́ ibi tí omi mímu ti ń jáde fún wọn, a kò rẹ́ wọn jẹ. Àmọ́ bí a bá fi san owó oṣù tiwa lónìí, tí a fi àtúnṣe afárá sílẹ̀ nítorí pé afárá kò lè gbé fọ́tò wọnú yàrá, a ti jẹ tiwọn mọ́ tiwa nìyẹn. Àtúnṣe ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń gé, mo ti rí i láìmọye ìgbà, àlàfo tí kò hàn nínú ìwé kankan sì ni.

Nígbà tí ìwé ìṣúná tó ń bọ̀ bá jáde, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àpapọ̀ tí ìròyìn ń pariwo. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ èlé sí, ẹ pín in sí gbogbo owó tó wọlé, ẹ fi wé ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ wo owó tí wọ́n ní àwọn retí lọ́dún tó kọjá àti èyí tó wọlé ní tòótọ́, kí ẹ wo bóyá ẹ̀gbẹ́ kan náà ni àṣìṣe wọn máa ń dà sí. Lẹ́yìn náà ẹ wá ìlérí tuntun ẹyọ kan, kí ẹ ṣírò ohun tí yóò ná ìlú ní ogún ọdún sí i. Ẹ kọ iye tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wò ó.